Bí Mo Ṣe Wa Ọkọ̀ Àárín Nígbà Ogun Ojú Omi

Kúdí, ọmọ ọmọ mi, parí ilé-ìwé gírámà lọ́dún yìí, kò sì tíì mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìgbògbò, ó ní, "Bàbá àgbà, iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ṣe gan-an? Màmá mi ní awakọ̀ ojú omi ni yín. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní ẹ máa ń parí ogun. Èwo ni ká gbà níbẹ̀?" Mo ní kó gba méjèèjì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe. Ẹ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ń pín ẹran fún àwọn ọmọ, màá wò ó lọ, màá wò ó bọ̀, títí ọbẹ̀ á fi tutù. Bí aládùúgbò méjì bá jọ ń kọjá, bí mo bá ṣe kí ọ̀kan náà ni màá ṣe kí èkejì, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò yìí tipẹ́. Iṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ náà ò tíì fẹ̀yìn tì lára mi. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ohun tí ẹ máa ṣe láyé, ẹ gbọ́ tèmi mọ́ tàwọn yòókù. Mi ò ní kí ẹ ṣe é, mi ò sì ní kí ẹ má ṣe é.

Bí abúlé méjì létí ọ̀sà bá ń jà débi pé ará ibí ò lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ará ọ̀hún mọ́, ojú omi ni wọ́n ti máa ń pàdé sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ àwọn kan á dúró lápá ọ̀tún, ọkọ̀ àwọn kejì á dúró lápá òsì, ọkọ̀ kẹta á wà láàárín, wọ́n á sì so méjèèjì mọ́ ọn. Ọkọ̀ kẹta yẹn ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ àárín. Òun ni mo ń wà. Kì í kó ẹrù. Omi mímu ló máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbààgbà méjì mẹ́ta láti Ẹ̀pẹ́ tó ń làjà. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìjà, màá fi ọkọ̀ yẹn kan náà gbé àwọn oníṣòwò ẹja láti Agbówà sí Ẹ̀pẹ́, tàbí kí n gbé wọn lọ títí dé etí òkun. Ìyẹn ló ń bọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Sùlé, tó ń wa ọkọ̀ àárín ṣáájú mi, ni bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, ọ̀rọ̀ náà ò sì gùn. Bàbá Sùlé wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí bóyá mo lè lúwẹ̀ẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Ti owó, ó ń tó mi jẹun.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le, torí ẹni tó bá ń pariwo, ẹ máa mọ ìgbà tí inú ń bí i. Kò kọ́kọ́ jẹ́ kí ọwọ́ mi kan ọkọ̀ rárá. Ìkíni ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó gbé àpótí ìjókòó méjì kalẹ̀ létí omi, ó ní ọ̀kan ni ará ibí, èkejì ni ará ọ̀hún, kí n kí wọn. Mo kọjú sí ti àkọ́kọ́, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ kú ojú omi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo yíjú sí èkejì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ kú ojú omi." Ó fi igi àjẹ̀ kàn mí lórí.

"O ti dá ogun sílẹ̀," ó ní. "Ṣé èkejì ò bímọ ni?"

"Bàbá, àpótí ni."

"Àpótí tó bímọ ni. Kí i dáadáa."

Báyìí ni mo ṣe ń kí àpótí láàárọ̀, tí mo ń kí àpótí nírọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà ẹja bọ̀ á dúró wò mí. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ dáhùn fún àpótí pé, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi!" wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi yà ní kọ́nà. Ojú ń tì mí gan-an. Bàbá Sùlé kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ní kí n tún un kí, kí n má fa ohùn fún ọ̀kan ju èkejì lọ, kí n má sì tẹrí ba fún ọ̀kan jìnnà ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn ìkíni ló tó kan omi. Kànga kan ní Ẹ̀pẹ́ la ti ń pọn omi tí ọkọ̀ àárín ń gbé. Ife kan ṣoṣo ló wà fún un. Èmi ni màá kọ́kọ́ mu lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, màá wá gbé ife sórí pákó tó wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀. Ẹni tó bá mu ún ti gbà pé òun á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì tán kí òun tó dìde. Ọlọ́kọ̀ àárín ò gbọdọ̀ jẹun lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí èbúté wọn, kò sì gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan," Bàbá Sùlé ní, "omi ni kí o máa wò."

Ó tún ní òfin kan tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ọlọ́kọ̀ àárín ò gbọdọ̀ ní àna lọ́dọ̀ àwọn tó ń jà. Mo bi í pé kí ló dé.

"Bí bàbá ìyàwó ẹ bá wọ ọkọ̀ wọn wá, ṣé o ò ní dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Màá dọ̀bálẹ̀, bàbá."

"Bí o bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan lójú èkejì, ọkọ̀ ti tẹ̀ sápá kan nìyẹn. Wọ́n á tú okùn wọn, wọ́n á lọ. Bí o ò bá sì dọ̀bálẹ̀ fún àna ẹ, irú ọmọ wo nìyẹn? Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ wọn bá tẹ ilẹ̀ wọn, tí ìjà bá parí, o ti bọ́ nínú ẹ̀. Fẹ́ ẹni tó bá wù ẹ́."

Mi ò ronú kan obìnrin kankan nígbà yẹn. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìjà kéékèèké la fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tó na àwọ̀n sójú omi ẹlòmíràn, ẹni tó gbé ọmọbìnrin kan sá lọ. Lẹ́yìn náà ni ogun wá dé. Mi ò ní dárúkọ àwọn ìlú méjèèjì, torí àwọn ọmọ wọn ti ń fẹ́ ara wọn báyìí. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Etí-Òkun, ká pe èkejì ní Ẹnu-Ọ̀sà. Apẹja ni àwọn méjèèjì. Ojú omi tí wọ́n jọ ń pẹja ni wọ́n bá ara wọn jà lé lórí, àmọ́ nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni ò rántí omi mọ́, ẹ̀san ló kù. Àwọn Ẹnu-Ọ̀sà jó Etí-Òkun. Àwọn Etí-Òkun ti kọ́kọ́ jó ìdajì Ẹnu-Ọ̀sà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo gbè. Àwọn Ẹnu-Ọ̀sà tí ilé wọn jóná wá kó sínú àwọn ilé tó ṣẹ́kù ní Etí-Òkun. Àwọn Etí-Òkun kó tọmọtọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n sì bọ́ sí àwọn abúlé etí ọ̀sà láàárín Agbówà sí Ẹ̀pẹ́. Ogunléndé la ń pè wọ́n. Wọ́n sùn ní ilé-ìwé, wọ́n sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n fi màrìwò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó kọ́ ilé.

Ogun náà ṣì ń lọ nígbà tí àwọn àgbààgbà Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ogunléndé á ṣe padà sílé lọ́jọ́ kan. Ìjọba fún wa ní epo pẹtiróòlù, wọ́n sì rán ẹnì kan pé kó máa jókòó tì wá. Alàgbà Jeremáyà ló ń sọ̀rọ̀ fún Etí-Òkun. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ga, ohùn rẹ̀ kéré. Olóyè Akínbọ̀dé ló ń sọ̀rọ̀ fún Ẹnu-Ọ̀sà, òun kúrú, ohùn rẹ̀ sì ń dé òdìkejì omi.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tú ká kí ẹnikẹ́ni tó mu omi. Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò ní ibi nínú, rí Alàgbà Jeremáyà tó ń bọ̀, ó sì kí i bí a ṣe máa ń kí èèyàn láti ìgbà tí a ti dáyé. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Alàgbà. Ilé ńkọ́?" Ilé ọ̀hún, ọ̀tá ló ń gbé inú rẹ̀. Alàgbà wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì lọ. Wọ́n fi ọjọ́ gbọọrọ bẹ̀ ẹ́ kó tó padà. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Sùlé ti yọ "ilé ńkọ́" kúrò nínú ìkíni wa. Ó ní kí n padà sídìí àpótí mi, kí n tún un kọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kí ẹ kí àgbà Yorùbá láìbéèrè ilé. Ahọ́n yín á máa wá a kiri.

Ìgbà yẹn ni mo bá Ẹ̀bùn pàdé, ọmọ Alàgbà Jeremáyà. Ó ń yan ẹja pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù ní abúlé tí wọ́n sá sí, ó sì máa ń gbé e wá fún àwọn èrò inú ọkọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ yìí," ó ní, "ṣé wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn ẹnu yín ni?"

"Iṣẹ́ wa ni."

"Ẹ kí mi ju ẹlòmíì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká wò ó bóyá ọ̀run á ya."

Mo kí i bí mo ṣe kí àwọn tó kù. Ó pòṣé, ó sì fún mi ní ẹja kan lọ́fẹ̀ẹ́, tí mi ò gbọdọ̀ jẹ. Mo fún àwọn èrò. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ò ṣòro láti lóye. Àwọn Ẹnu-Ọ̀sà ní kí àwọn ogunléndé máa padà díẹ̀díẹ̀, torí bí wọ́n bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ogun ni wọ́n á gbé wá. Àwọn Etí-Òkun ní lẹ́ẹ̀kan náà làwọn á padà, torí bí àwọn díẹ̀ bá kọ́kọ́ lọ, wọ́n á pa wọ́n. Ta ló máa kúrò nínú ilé ta, ibo ló sì máa gbà? Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí, a ó sì máa rí èéfín níbi tí wọ́n ṣì ti ń jà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu kan èéfín náà.

Nígbà òjò ni aburú ṣẹlẹ̀. Omi kún, òjúoró sì ń ṣàn wá láti inú àwọn odò, ó pọ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ ó rò pé ilẹ̀ ni. Bàbá Sùlé ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbi tó máa ń jù ú sí. Èmi ń bomi sínú ife. Alàgbà àti Olóyè ń jiyàn lórí ilé kan, gbogbo wọn ń wo ẹnu ara wọn. Òjúoró rọra wá, ó kó jọ sí ìdí ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń tì wọ́n lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tìdákọ̀rótìdákọ̀ró. Èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọgbà ẹja àwọn Ẹnu-Ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A ti wọ inú omi wọn.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí ọkọ̀ Etí-Òkun, wọ́n sì ronú ohun tí ẹnikẹ́ni á ronú. Wọ́n yìnbọn sókè. Àwọn Etí-Òkun pariwo pé wọ́n ti tan àwọn wá sínú pańpẹ́. Àwọn Ẹnu-Ọ̀sà pariwo pé wọ́n ti fi ìpàdé bojú wá jà. Bàbá Sùlé fa ẹ́ńjìnì, òjúoró ti dì í pa. Ó dìde dúró, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń pè wọ́n pé, "Òjúoró ni! Òjúoró ni!" Gbogbo ènìyàn dìde pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ ọ̀tún, ti àwọn Etí-Òkun, sì dojú dé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Etí-Òkun wọ agbádá ńlá wá síbi ìpàdé lọ́jọ́ náà. Apẹja ni látìgbà èwe, ó mọ omi ju ilé lọ, àmọ́ agbádá náà wé e lọ́wọ́, a ò sì rí i fà jáde lákòókò. Nígbà tí Bàbá Sùlé nawọ́ sí i, ọkọ̀ méjì fún ẹsẹ̀ Bàbá Sùlé pọ̀. Kò fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò wọ agbádá wọ ọkọ̀ mi mọ́, ì báà ṣe ọba.

Gbogbo wọn tú ká. Àwọn méjèèjì gbà pé ọkọ̀ àárín ti gbè sẹ́yìn ẹnì kejì. Ẹ̀rùn dé, kò sí ìpàdé. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ tún pàdé, Bàbá Sùlé ò lè jókòó sínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n wá ọlọ́kọ̀ mìíràn títí dé Ìkòròdú, àwọn ibí á gbà, àwọn ọ̀hún á kọ̀. Ọ̀kan fẹ́ ìyàwó láti Ẹnu-Ọ̀sà, òmíràn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú àwọn Etí-Òkun. Èmi nìkan ni wọ́n jọ fọwọ́ sí. Olóyè Akínbọ̀dé ní, "Ọmọ tó ń kí àpótí yẹn, òun ni kí ẹ fún wa."

Bàbá Sùlé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. "Mo gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan," ó ní.

Mo tẹrí ba.

"Ẹ̀n-ẹ́n. O rántí ohun tí mo sọ fún ẹ?"

"Mo rántí, bàbá."

"Èèyàn mélòó ló ń sùn sábẹ́ màrìwò? Ìwọ nìkan lo wà láàárín wọn báyìí." Ó yíjú sí ògiri. Ó ń dùn ún láti sọ ọ́, mo mọ̀.

Mo lọ sọ òfin àna náà fún Ẹ̀bùn. Ó ń yí ẹja padà lórí iná, kò gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi," ó ní. "Bí ẹ bá bá wọn parí ẹ̀, a ó kó lọ, ta ló mọ ìgbà tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ á tún débẹ̀. Bí wọn ò bá parí ẹ̀, a wà níbí, ẹ ò sì lè fẹ́ mi. Èwo lẹ wá ń gbàdúrà fún?"

Mo wo omi.

"Ẹ má wo omi! Èmi kì í ṣe Olóyè. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Ìkòròdú ti wá rí màmá mi? Ó ní ilé alájà. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín sí i."

Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tí ìpàdé tó tẹ̀ lé e pé, mo kí bàbá rẹ̀, mo sì kí Olóyè. Wọn ò yàtọ̀. Alàgbà ti gbọ́ ohun tó wà láàárín èmi àti ọmọ rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó dáhùn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Òun náà mọ òfin ọkọ̀ àárín. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, ọdún kan wọ òmíràn.

Nígbà tó yá, ogun rẹ̀ wọ́n. Kò tíì parí o, ó kàn rẹ àwọn tó ń jà ni. Olóyè Akínbọ̀dé ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Alàgbà, kí ẹ padà. Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ kó ìdílé tiyín wá ná. Bí ẹ bá lè mú ìyàwó àti ọmọ yín wá, àwọn èèyàn mi á gbà pé ẹ ò bá ogun bọ̀."

"Ta ló wà nílé mi?" Alàgbà bi í.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi fúnra mi ni màá kó ẹrù rẹ̀ jáde."

"Bí àwọn ọmọkùnrin yín ò bá gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ńkọ́?"

Olóyè ò lè jẹ́jẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ó yíjú sí mi. "Ọlọ́kọ̀, ìwọ lo mọ ojú omi yìí. Bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá kó ọmọ rẹ wá?"

Alàgbà náà yíjú sí mi. Ọmọ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ yẹn, mo mọ bó ṣe ń wé gèlè. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé rárá, kí wọ́n wá ọmọ ẹlòmíràn. Mo wo omi. Mo wò ó pẹ́. Alàgbà mí kanlẹ̀, ó nawọ́ gbé ife, ó mu ún, ó sì gbé e kalẹ̀. Olóyè náà mu ún, ó di àdéhùn.

Kí n tó débi tí mò ń lọ, ẹ jẹ́ n sọ ti irinṣẹ́, torí àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń béèrè rẹ̀. Àjẹ̀ àti ọ̀pá ni mo bá, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀ tó ń hó débi pé a ní láti pa á ká tó lè sọ̀rọ̀. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì dé, àwọn àgbà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ń sọ wọ́n di ọmọdé, títí mo fi rántí agbádá yẹn fún wọn. Nígbà tí fóònù dé, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń jà ò nílò láti rí ara wọn mọ́, wọ́n á máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹnì kan á gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta, inú á túbọ̀ máa bí i. Báyìí, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, oúnjẹ sì ń bẹ níbẹ̀. Mi ò ní ó dára, mi ò ní kò dára. Inú òtẹ́ẹ̀lì kì í tẹ̀ ṣáá, kò sí ẹni tó ní láti rọra jókòó.

Ìyá àgbà Kúdí ń pariwo láti ìdí ààrò ẹja rẹ̀ pé mo tún ti sá fún ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ ibi ẹrẹ̀ fún wọn o!" Ó dáa, mò ń bọ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé wọn lọ. Alàgbà, ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀bùn, ìkòkò méjì, àti ẹní. Ẹ̀bùn lè dúró sẹ́yìn bó bá fẹ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́ja yìnyín, kí òun lè mọ̀ pé ọmọ òun kan wà láàyè. Ẹ̀bùn ní bí bàbá òun bá ń lọ, òun ń lọ. Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò ní gbogbo ọ̀nà. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Omi ti fà nígbà tí a dé, ẹrẹ̀ sì gùn láti ọkọ̀ títí dé ilẹ̀ gbígbẹ. Olóyè Akínbọ̀dé dúró létí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin Ẹnu-Ọ̀sà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, mi ò sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kí Olóyè. Mo kí Alàgbà, tí a jọ wá nínú ọkọ̀ láti ìdájí, torí iṣẹ́ ni iṣẹ́. Alàgbà sọ̀kalẹ̀. Ó rìn nínú ẹrẹ̀ yẹn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tẹ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró. Àwọn ọmọkùnrin yẹn ń wo Olóyè, Olóyè ń wo Alàgbà, Ẹ̀bùn àti ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lákòókò yẹn, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Mo rántí pé Bàbá Sùlé sọ pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ wọn bá tẹ ilẹ̀ wọn, mo ti bọ́ nínú ẹ̀. Mo ju okùn sílẹ̀. Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀, èmi tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ èbúté wọn rí, mo rìn kọjá Olóyè Akínbọ̀dé láìdọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì na gbalaja síwájú Alàgbà Jeremáyà. Ojú mi wọ inú ẹrẹ̀.

Mo gbọ́ tí Olóyè bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ àárín ti tẹ̀ o!" ó ní. "Ẹ wá wo ọlọ́kọ̀ lẹ́sẹ̀ àna rẹ̀!" Àwọn ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè díẹ̀. Wọ́n ti mú ọwọ́ wọn bọ̀ wá síwájú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ Ẹ̀bùn balẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Alàgbà ò tíì ní kí n dìde. Mo wá rí i pé mi ò tíì kí i tán. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ilé ńkọ́?"

Ó gbójú sókè sí ilé rẹ̀. Wọ́n ti ṣí páànù apá kan lọ, ilẹ̀kùn ò sí, àmọ́ ẹnì kan ti gbá iwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn nínú iyanrìn. Ó wò ó pẹ́.

"Ilé wà," ó ní. "Dìde, ẹrẹ̀ ti kún ẹ lẹ́nu."